Fóònù olówó ìwọ̀nba àti àwọ̀ aró: ìrírí ẹni tó ń ta àdìrẹ

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ìrírí yín nípa fóònù olówó ìwọ̀nba ṣáájú mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ lórí eré orí fóònù àti dátà. Ọ̀nà tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, àwọn oníbàárà mi tí wọn kò lè dé ọjà, títí dé àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń wo aṣọ kí wọ́n tó sanwó. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ fóònù ni pé kí ó fi aṣọ hàn bí aṣọ ṣe rí gan-an.

Èyí tí mo ń lò kì í ṣe ti olówó ńlá, kì í sì í ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ megapixel 50 (ìyẹn mílíọ̀nù àádọ́ta àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh, ibi ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ 128 GB, RAM rẹ̀ (ibi tí fóònù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) sì jẹ́ 8 GB tí a lè fi 8 mìíràn kún. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan ọ̀pọ̀ fóònù tó wà ní ìpele yìí.

Ìyìn ló tọ́ sí bátìrì rẹ̀. Bí ó bá ti kún láàárọ̀, ó ń bá mi dé alẹ́, ìbáà jẹ́ pé iná ìjọba kò yọjú rárá. Oòrùn nìkan ni kò bá fóònù náà lára mu, nítorí pé bí mo bá ń ya fídíò níta lọ́sàn-án gangan, ara rẹ̀ á gbóná, ojú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn fúnra rẹ̀ títí yóò fi tutù.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló ń dùn mí. Bí mo bá tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan sílẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ fa iṣẹ́ ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, tí mo sì sún mọ́ ọn títí aṣọ náà fi gba gbogbo àwòrán, aró tó jinlẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú yóò jáde ràkọ̀ràkọ̀ bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Ìdí rẹ̀ ni pé kámẹ́rà kò mọ irú ìmọ́lẹ̀ tí aṣọ wà nínú rẹ̀. Ńṣe ló ń fojú díwọ̀n. Nígbà tí ó bá rí i pé búlúù ló kún gbogbo àwòrán, yóò gbà pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló jẹ́ búlúù, yóò sì fi àwọ̀ ìyeyè kún un láti fi tún un ṣe. Bí aṣọ dúdú bá sì gba gbogbo àwòrán, yóò tún fi ìmọ́lẹ̀ kún un, aró náà á sì ṣá. Oníbàárà mi kan ní Ìkẹjà ti dá aṣọ padà nítorí pé èyí tó dé ọwọ́ rẹ̀ dúdú ju èyí tó rí lórí fóònù lọ. Aláró tó rẹ aṣọ yẹn sínú aró léraléra kí ó tó dúdú bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ń kàn.

Ohun tó ń gbà mí ni apá kan nínú kámẹ́rà náà tí wọ́n kọ Pro sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń gba ìpinnu àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo ń fi í sí nǹkan bí 5,500 K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) tí í ṣe ti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tí mo sì ń gbé e ga sí i díẹ̀ bí mo bá wà lábẹ́ ìbòòji. Mo tún máa ń fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, nítorí pé bí bébà bá ti jáde ní funfun, aró náà yóò jáde bí aró. Ojú fóònù pàápàá nílò àtúnṣe: irú ojú tí wọ́n ń pè ní AMOLED ni, ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, ó ń mú kí gbogbo àwọ̀ tàn kọjá bó ṣe yẹ. Natural ni mo yí i sí nínú ètò rẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́, mo ń yan HD (àwòrán tó mọ́ kedere) tí WhatsApp gbé jáde ní ọdún 2023, tàbí kí n fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document kí WhatsApp má baà fún un pọ̀ títí yóò fi kéré.

Kámẹ́rà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló wúlò fún mi. Èyí tí wọ́n ní ó wà fún ohun kékeré tó súnmọ́ni kò ju megapixel 2 lọ. Mo fi ya àwòrán àwọn òpó Mápó tó wà lára Ìbàdàndùn, irú iṣẹ́ ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, níbi tí wọ́n ti fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ ní ìlà tín-ín-rín, gbogbo ìlà náà sì wọnú ara wọn. Kámẹ́rà ńlá ni mo wá lò, mo sún sẹ́yìn díẹ̀, mo gé àárín àwòrán náà, ìlà kọ̀ọ̀kan sì hàn ketekete.

Ní ti RAM 8 tí wọ́n ní a lè fi kún un, ibi ìpamọ́ ni fóònù ti ń yá a, kò sì lè yára tó RAM gidi. Nígbà tí fídíò oníbàárà kún ibẹ̀, ńṣe ni fóònù náà ń fà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìmúdójúìwọ̀n, ìyẹn àtúnṣe àti ààbò tuntun tí ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, owó fóònù ti gòkè débi pé ẹni tó bá ra ọ̀kan gbọ́dọ̀ lò ó pẹ́, síbẹ̀ tèmi ti ṣíwọ́ gbígba Android tuntun nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le koko, orí rẹ̀ sì ni mo ti ń lo áàpù báǹkì mi. Ó ṣeé ṣe kí a rí èyí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ láì san owó ńlá, nítorí pé Samsung ṣèlérí ìmúdójúìwọ̀n ọdún 6 fún Galaxy A16 tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024. Ẹni tó bá ń lò ó nínú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ya aṣọ aláró kan nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ sì sọ bí ó ṣe jáde fún mi.