Báwo lẹ ṣe ń ya fọ́tò àkèré orí igi lálẹ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ igbó lálẹ́ lọ ya fọ́tò ẹranko, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àkèré orí igi ni mò ń wá, àwọn kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ ewé yẹn, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ inú gọ́tà o. Ìbàdàn ni mo wà, òjò ti ń rọ̀ dáadáa, tílẹ̀ bá ti ṣú báyìí ẹ ó máa gbọ́ ariwo wọn lẹ́bàá odò, àmọ́ tí n bá ti súnmọ́ wọn, gbogbo wọn á dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣé kí n pa tọ́ọ̀ṣì kí n dúró ni àbí báwo?

Èyí tó wù mí jù ni Chiromantis rufescens, tó máa ń po ìfòfó funfun bíi ti ọṣẹ sára ewé àti ẹ̀ka tó wà lókè omi, inú ẹ̀ ló ń yé sí, táwọn ọmọ bá tó wọ́n á já bọ́ sómi. Mo ti rí ìfòfó yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ti gbẹ, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣì ń kán tótó, ìyá ẹ̀ ni mi ò rí.

Fóònù ni mo ń lò, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré téèyàn ń há mọ́ ọn. Tí n bá tan fláàṣì, ara wọn tó tutù yẹn á máa dán gbinrin, fọ́tò á wá funfun báláú. Ṣé tí n bá fi tíṣù bo fláàṣì yẹn, ó máa ṣiṣẹ́? Mi ò fẹ́ dì wọ́n mú o, wọ́n ń fi awọ mí pẹ̀lú, ìpara ẹ̀fọn ọwọ́ èèyàn lè ṣe wọ́n léṣe.

Ti ejò ńkọ́, ṣé rénbúùtù nìkan tó?