ProjeKct One: ṣé àṣàyàn ni kí n rà, àbí odindi alẹ́ kan?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ìkòròdú ni mo wà. Àbúrò mi ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fẹ́ kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá orin sílẹ̀ lójú agbo láìsí akọrin. ProjeKct One ló wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀ka King Crimson, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣeré ní Jazz Café ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, alẹ́ mẹ́rin léraléra, ní oṣù Kejìlá 1997. Robert Fripp, Trey Gunn, Tony Levin àti Bill Bruford ni. Ìlù Bruford máa ń dá gìtá lóhùn bí omele ṣe ń dá ìyáàlù lóhùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an!

Mo ti gbọ́ díẹ̀ lórí YouTube, ṣùgbọ́n fóònù mi ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ Levin mì. Fáìlì orin MP3 oní-320 kbps ń gba nǹkan bí 144 MB fún wákàtí kan. FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kankan kúrò, jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, dátà sì wọ́n. Dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, ẹyọ kan péré ni agbára mi ká.

Ìbéèrè mi: fún onílù tó ń kọ́ṣẹ́, ṣé àṣàyàn orin alẹ́ mẹ́rin náà tó wà nínú àpótí àwo orin The ProjeKcts ti 1999 ni kí n rà, àbí gbogbo ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní odindi alẹ́ kan?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.