Búrẹ́dì aláìnímílíìkì nínú mashíìnì: tèmi le bí òkúta, kí ni mo ṣe?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Adó-Ekìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, mílíìkì ò bá a lára mu, tó bá ti kàn án lẹ́nu báyìí ara ẹ̀ á sú, á máa bì, dókítà sì ti ní ká má fún un rárá. Búrẹ́dì tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wa ní Ìyìn Road, ẹni tó ń tà á gan an ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí fẹ́ràn búrẹ́dì ju iyán lọ. Àǹtí mi wá gbé mashíìnì búrẹ́dì kékeré kan bọ̀ láti London. Ìwé tó bá a wá ní kí n lo mílíìkì kọ́ọ̀pù kan, bọ́tà, fúláwà kọ́ọ̀pù mẹ́ta, ṣúgà, iyọ̀ àti yíìsì. Mo ní kí n fi àgbọn rọ́pò mílíìkì, mo rin méjì, mo fún un, èyí tó ki dáadáa ni mo wọn kọ́ọ̀pù kan, mo wá fi bọ́tà inú ike sí i. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, búrẹ́dì ò ga ju ìka mẹ́rin lọ, ó wúwo, ara ẹ̀ funfun, inú ẹ̀ dì. Ṣé torí pé mílíìkì ò sí níbẹ̀ ni ò ṣe wú? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ fi fúláwà ṣòfò mọ́, ẹ mọ iye tí wọ́n ń tà á báyìí.

Oníbúrẹ́dì Ìkẹ́rẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kì í ṣe àìsí mílíìkì ló bà á jẹ́. Fúláwà, omi, iyọ̀ àti yíìsì ti tó búrẹ́dì, mílíìkì kàn ń jẹ́ kó rọ̀ kí ara ẹ̀ sì pọ́n ni, yíìsì gan an ò lè jẹ ṣúgà inú mílíìkì. Àgbọn yẹn ni. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ fún tó ki yẹn, òróró ló pọ̀ nínú ẹ̀, omi inú ẹ̀ ò tó kọ́ọ̀pù kan rárá, ẹ tún wá fi bọ́tà lé e, fúláwà tí mashíìnì pò gbẹ, ó le, yíìsì ò rí agbára gbé e sókè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àgbọn dandan, ẹ là á pẹ̀lú omi, ìdajì sí ìdajì, kẹ́ ẹ má sì fi òróró tàbí bọ́tà kankan kún un.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ fi wọn fúláwà náà wà níbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá ki kọ́ọ̀pù bọ inú àpò fúláwà ó lè gba gíráàmù 150, tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí dà á sí i díẹ̀díẹ̀ ó lè jẹ́ 120, kọ́ọ̀pù mẹ́ta ti fi 90 yàtọ̀ síra nìyẹn. Ẹ ra síkéèlì.

Bí èmi á ṣe ṣe é: fúláwà búrẹ́dì gíráàmù 400, omi 250, òróró ṣíbí ìjẹun méjì, ṣúgà méjì, iyọ̀ ṣíbí tíì kan, yíìsì gíráàmù 5. Omi lẹ máa kọ́kọ́ dà sínú abọ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà òróró, ṣúgà, iyọ̀, kí fúláwà bò wọ́n, kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò kékeré sórí fúláwà fún yíìsì. Tó bá ti po fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣí i wò, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: kó rí roboto, kó máa dán, kó lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀. Tó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, tí mashíìnì ń kérora, ẹ fi omi ṣíbí kan sí i, ẹ dúró kí ẹ tún wò. Tó bá ti ń wú, ẹ má ṣí i mọ́ o. Fún ara tó funfun yẹn, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kó pọ́n sí i.

Ìyá Ìbejì, Ìfàkì
Bọ́tà yẹn ló bà mí lẹ́rù jù! Ẹ yí ike ẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá rí whey, casein, milk solids, mílíìkì náà ni gbogbo wọn. Taiwo mi ní irú aléjì yìí, odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń di ẹ̀bi ru ẹ̀wà kí n tó mọ̀ pé bọ́tà ni. Òróró lásán ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fọ abọ́ mashíìnì àti irin tó ń po yẹn, ẹ yọ irin náà kẹ́ ẹ fọ abẹ́ ẹ̀. Ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ fún un ní mílíìkì ewúrẹ́, ẹ má gbà, ọmọ tí ti màlúù bá ń ṣe, ti ewúrẹ́ sábà máa ń ṣe é náà, wàrà àwọn Fúlàní sì ni ti màlúù. Bí ètè ẹ̀ bá wú pẹ́nrẹ́n, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ o, ẹ má dúró wo ohunkóhun.

Tíṣà Ọ̀yẹ́
Iná ńkọ́? Tèmi, wọ́n mú iná nígbà tó ku ogójì ìṣẹ́jú, búrẹ́dì tútù ni mo bá nínú ẹ̀. Báyìí bọ́tìnì tí wọ́n kọ dough sí ni mò ń tẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀ ló ń gbà, ó máa po ó, á sì wú, màá wá yan án nínú ìkòkò tí mo da yanrìn sí lórí gáàsì. Ṣé mílíìkì sóyà ṣeé lò?

Oníbúrẹ́dì Ìkẹ́rẹ́
Ó dáa gan an sà. Iye omi náà ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ó tiẹ̀ ń jẹ́ kí ara ẹ̀ pọ́n. Àmọ́ kẹ́ ẹ rí i pé sóyà náà ò ní ṣe ọmọ o.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Adó-Ekìtì
Mo wá jábọ̀. Mo yí ike bọ́tà yẹn, whey wà níbẹ̀ gbangba, ọkàn mi bàjẹ́, torí mo ti fi pa búrẹ́dì àkọ́kọ́ fún un lóòótọ́, ìyẹn ni ara ẹ̀ ṣe sú lọ́jọ́ náà. Mo ti gbé bọ́tà náà fún aládùúgbò. Mo ra síkéèlì ní Ọjà Bísí, mo ṣe é bẹ́ ẹ ṣe sọ, omi ṣíbí kan ni mo fi kún un. Ó wú dé ẹnu abọ́! Ọmọ mi fi jẹ ẹ̀wà, ó tún béèrè sí i, ilẹ̀ ti mọ́ báyìí ara ẹ̀ ṣì ń dán. Orí búrẹ́dì nìkan ló wọlẹ̀ díẹ̀ láàárín, ọ̀sán gangan ni mo ṣe é.

Oníbúrẹ́dì Ìkẹ́rẹ́
Ooru ni mà, ó wú kọjá ààlà kí iná tó mú un. Ẹ lo omi tútù, ẹ dín yíìsì sí gíráàmù 4, kẹ́ ẹ sì ṣe é ní ìdájí. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú abọ́ gbàrà tó bá ti jinná, ẹ jẹ́ kó tutù fún bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ tó gé e.