"Ọ̀nà náà jìn fún ọ": ibi tí a ti rí ìwà pẹ̀lẹ́ Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará, mo kí yín lórúkọ Jésù Olúwa wa. A ní kí oníkálukú sọ ibi tó ti rí i pé Ọlọ́run fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá òun lò. Tèmi rèé.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu màmá mi. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í já gaara lẹ́nu wọn. Èmi ni mo ń gbé wọn dìde, èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi náà ni mò ń yí wọn padà lóru kí egbò má baà yọ sí wọn lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ṣe irú ìtọ́jú yìí rí mọ̀ pé èèyàn kì í sùn wọra. Bí wọ́n bá kàn mí kanlẹ̀ báyìí, o ti nàró. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kọ́ ló ń dùn mí jù. Àdúrà ni. Bí mo bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu mi. Bí mo bá ṣí Bíbélì, ojú mi á máa ka ẹsẹ kan náà lákàtúnkà, kò ní wọ inú mi. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé bóyá inú Ọlọ́run kò dùn sí mi mọ́.

Àsìkò yẹn ni mo tún ka 1 Àwọn Ọba orí 19. Láti kékeré ni mo ti mọ ìtàn náà. Ayaba Jésíbẹ́lì búra pé òun máa pa wòlíì Èlíjà, Èlíjà sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Olúwa kúkú gba ẹ̀mí òun. Wòlíì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tí iná sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì ló ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́! Bí mo ṣe ń kà á lọ, etí mi ti ń retí ìbáwí. Kò sí ìbáwí níbẹ̀. Áńgẹ́lì fọwọ́ kan án, ó ní, "Dìde, jẹun." Àkàrà wà lórí ẹ̀yín iná, omi wà níbi orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀. Áńgẹ́lì kò bínú pé ó tún dùbúlẹ̀. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fọwọ́ kan án, ó ní kó dìde, kó jẹun, "nítorí ọ̀nà náà jìn fún ọ."

Ibi gbólóhùn yẹn ni omijé ti bọ́ lójú mi. Ẹni tí Ọlọ́run rán fẹnu ara rẹ̀ gbà pé ọ̀nà náà jìn. Kò sọ pé kí Èlíjà ṣe ọkùnrin. Kò sọ pé àwọn kan ti rin èyí tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn kò ráhùn. Ìgbà tó jẹun tán, tó fi agbára oúnjẹ náà rin 40 ọ̀sán àti 40 òru dé òkè Hórébù, ìgbà yẹn ni Ọlọ́run tó bi í pé, "Kí ni ìwọ ń ṣe níhìn-ín, Èlíjà?" Oúnjẹ àti oorun ló ṣáájú ìbéèrè. Orin Dáfídì 103 kúkú ti sọ ọ́ pé Ó mọ ẹ̀dá wa, Ó rántí pé erùpẹ̀ ni wá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa kan ilẹ̀kùn wa. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n gba aṣọ ìnura tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, lọ sùn. Màmá wà lọ́wọ́ mi." Mo ní wọn ò mọ bí a ṣe ń yí wọn padà. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ni bàbá àwọn ọmọ mi wà títí Olúwa fi pè wọ́n. Lọ sùn." Nígbà tí mo jí, ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n ti wẹ màmá, wọ́n ti fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn, wọ́n fi òmíràn sáàárín orúnkún wọn méjèèjì kí ó má baà máa ha ara wọn. Àwọn méjèèjì ń kọrin ìyìn. Màmá mi tí kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, orin ń já gaara lẹ́nu wọn! N kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bá wọn gbè é, orin yẹn sì ni àdúrà àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi láti ìgbà pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ọlọ́run kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Èlíjà o. Ó rán an padà. Ṣùgbọ́n Ó fi Èlíṣà tì í, Ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé 7,000 ló kù ní Ísírẹ́lì tí eékún wọn kò kúnlẹ̀ fún òrìṣà Báálì, òun tó ń sọ pé òun nìkan ló ṣẹ́ kù. A máa ń sáré dé ibi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí Ọlọ́run fi bá Èlíjà sọ̀rọ̀ nínú orí yẹn, ibẹ̀ ni ìwàásù máa ń dá lé. Lójú tèmi, bí ohùn yẹn ṣe jẹ́ ìwà pẹ̀lẹ́ ni àkàrà náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Èlíṣà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Olúwa yóò dúró tì yín.

Tèmi kò gùn. Ọmọbìnrin mi ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi àti ìyá rẹ̀ kò fi lè wo ojú ara wa. Máàkù orí 5 ni mo dì mú, ìtàn ọmọ Jáírù tó jẹ́ ọmọ ọdún 12. Gbogbo wa la mọ "Tàlítà kúmì," ìyẹn "Ọmọdébìnrin, dìde," tí Jésù fi jí i dìde nínú òkú. Ẹ wá wo ìparí ẹsẹ 43: Jésù ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní nǹkan jẹ. Ẹnu ti ya bàbá àti ìyá rẹ̀, wọn ò rántí oúnjẹ. Ẹni tó jí òkú dìde ló rántí pé ọmọ náà ní ikùn. Lọ́jọ́ tí ọmọ tèmi lajú tó ní òun fẹ́ mu omi, ẹsẹ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí omi fi dà sí i láyà, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

* * *

Mo bá ẹ̀yin méjèèjì yọ̀, mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ọkọ tèmi ṣàìsàn, kò sì dìde, ó kú. Àwọn kan wá bá mi, wọ́n ní onígbàgbọ́ kì í sunkún bí aláìnírètí, wọ́n ní kí n nu ojú mi. Wọ́n rò pé àwọn ń ràn mí lọ́wọ́ ni.

Jòhánù orí 11 ló gbà mí sílẹ̀. Màtá pàdé Jésù, ó ní ká ní Ó wà níbẹ̀ ni, arákùnrin òun kì bá kú. Màríà náà dé, ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́ ló sọ. Jésù fi ọ̀rọ̀ dá Màtá lóhùn, Ó bá a sọ̀rọ̀ àjíǹde. Nígbà tí Ó rí Màríà tó ń sunkún, Ó béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ òkú sí, Ó sì sunkún. Ó mọ̀ pé láìpẹ́ Lásárù, arákùnrin wọn tó kú, máa jáde láàyè, síbẹ̀ Ó bá a sunkún ná. Kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Mo wá rí i pé ohun tí èmi lè gbà lásìkò náà ni Olúwa fún mi. N kò lè gba ìwàásù, àní ti àjíǹde pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbà á gbọ́ tí mo sì ń retí rẹ̀. Ìgbà tó yá ló fún mi ní ti Màtá.

* * *

Ìyá wa, ẹ ṣé tí ẹ sọ èyí. Mo ti kà á fún màmá mi, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú bí mo ṣe ń kà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tó ń tọ́jú aláìsàn lọ́wọ́, tàbí tó ń ṣọ̀fọ̀, tí àdúrà kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀, kó má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ kiri. Kó ṣáà jẹ́ ká mọ̀. A máa gba àdúrà náà fún un lálẹ́ yìí, ẹni tí ilé rẹ̀ bá sì súnmọ́ ọn jù lọ, kó lọ gbà á sílẹ̀ kó lè sùn.