Ṣé iṣẹ́ ọnà ni àbí iṣẹ́ ọwọ́ lásán?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Òwú pupa ni mo fi ń rán ibi tí aṣọ àtijọ́ ti ya, mi ò kí ń fi ojú abẹ́rẹ́ pamọ́, ńṣe ni mo máa ń jẹ́ kó yọ síta bí àpá. Mo gbé mẹ́ta lọ síbi àfihàn kan, ẹni tó ń ṣètò ẹ̀ ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án tó fi ní iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni. Ta ló fi í jẹ adájọ́ gan-an? Ṣebí kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà náà ka ẹyẹ idẹ tí Brâncuși, oníṣẹ́ ọnà tó máa ń ṣe ère, ṣe mọ́ ohun èlò ilé ìdáná kí wọ́n lè gbowó lórí ẹ̀, àfìgbà tí kóòtù sọ ní 1928 pé iṣẹ́ ọnà ni. Ṣé kí n padà lọ bá a ni, àbí kí n gbé e lọ ibòmíì?