Géèmù pẹ́pẹ́yẹ méjì ayé ìgbà kan: ta ló mọ orúkọ rẹ̀?

ỌmọLáwàńsọ̀n:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ní nǹkan bí ọdún 1994, bàbá wa ra ẹ̀rọ géèmù kan wálé ní Láwàńsọ̀n, èyí tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń jẹ́ yẹ́lò, tí a máa ń kì bọ̀ ọ́ lórí. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Nintendo, àmọ́ orúkọ mìíràn ni wọ́n kọ sí i lára. Mario wà nínú ẹ̀, Contra wà níbẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni mò ń wá. Ti pẹ́pẹ́yẹ méjì ni.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ògiri là wọ́n láàárín. Bí o bá tẹ ọ̀tún, ọ̀kan á lọ sọ́tùn-ún, èkejì á forí lé òsì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń di pádì mú (ó lóun lòun dàgbà), èmi ni mò ń bá a ṣọ́ pẹ́pẹ́yẹ kejì. Màá máa pariwo, "Sístà mi, aláǹtakùn! Aláǹtakùn!" Bí mo bá pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ ọ́, á gbá mi nípàkó.

Mo fẹ́ kí ọmọ mi gbá a. Mo ra Nintendo tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, mo tún ra kásẹ́ẹ̀tì 400-in-1 lọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn. Kásẹ́ẹ̀tì ò wọlé. Ọkùnrin náà ní kí n tì í dáadáa. Mo tì í títí igun ẹ̀ kan fi là.

ÀǹtíYábàá:
Duck Hunt nìyẹn jàre, ti 1984. Ìbọn la fi ń yin àwọn pẹ́pẹ́yẹ yẹn, bí o bá tàsé, ajá kan á yọjú wá fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Má wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ o, ìbọn náà ò ní í ṣiṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n onídìí gbàǹgbà ló mọ̀.

ỌmọLáwàńsọ̀n:
Ẹ ṣé mà, àmọ́ kò síbọn nínú tèmi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń rìn. Àwòrán ọkàn kan wà lókè nínú àgò.

BàbáRìpẹ̀rà:
Àgò yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Pẹ́ńgúìnì ni wọ́n, kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ. Binary Land lorúkọ ẹ̀. Hudson Soft, àwọn ará Japan, ló ṣe é lọ́dún 1985 fún Famicom, ìyẹn Nintendo tí wọ́n ń tà ní Japan nígbà náà. Akọ ń jẹ́ Gurin, abo ń jẹ́ Malon. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ àgò yẹn pọ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá há sínú ilé aláǹtakùn, èkejì ló ń wá fín in kó tó bọ́. Bí méjèèjì bá há, ó tán. Wọn ò tà á ní Amẹ́ríkà. Inú kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Èyí tí ò wọlé ńkọ́? Eyín irin 60 ló wà lẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì Famicom bíi tìẹ yẹn, 72 ni ti Nintendo Amẹ́ríkà. Àdàkọ Famicom ni bàbá yín rà nígbà yẹn. Ẹni tó ní kí o tì í, owó ẹ ni ò fẹ́ dá padà. Wá ẹ̀rọ àdàkọ bíi tàtijọ́ rà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tún àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe ní Òkè Àrín. Ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ jù ni ẹnu ẹ̀yin ọmọdé: fùú, fùú! Itọ́ lẹ̀ ń fẹ́ sí i, eyín ẹ̀ á sì dógùn-ún. Kílínà táwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ni kí o fi rọra nù ún, kí o wá fi sípíríìtì díẹ̀ sórí òwú. Bí o bá tú u, tí o rí kiní dúdú kan tó rí rògòdò bí ọ̀dà lójú pátákó, tó ti sán, sọ ọ́ nù. Abẹ́ ibẹ̀ ni gbogbo géèmù wà.

ỌmọLáwàńsọ̀n:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ ẹ̀ ní í ṣìṣẹ́. Mo wo fídíò ẹ̀ lánàá, àwọn gan-an ni! Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó pè mí: "Ta ló sọ fún ẹ pé pẹ́ńgúìnì ni? Pẹ́pẹ́yẹ ni jọ̀ọ́. Àti pé ìwọ lo jẹ́ kí aláǹtakùn máa mú mi."