Ọjọ́ wo ni ti ọkùnrin ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù wa?

Télọ̀ Ọ̀mù-Àrán:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aṣọ ọkùnrin ni mò ń rán, ìwọ̀n gbogbo oníbàárà mi ló sì wà nínú ìwé. Bí ẹnì kan bá gbé ṣòkòtò wá pé kí n fa ìbàdí rẹ̀ wọlé, tí mo wọ̀n ọ́n tí mo rí i pé ó ti rù gan-an, mo máa ń béèrè bóyá ara le. "Wàhálà ìlú ni." Ọ̀rọ̀ tán. Méjì nínú wọn ti kú. Jẹ́jẹ́rẹ́ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ló pa ọ̀kan, àtọ̀gbẹ tí kò mọ̀ pé òun ní ló pa èkejì. Ó dùn mí wọra.

Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa, ọjọ́ aláboyún wà, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ọjọ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà wà. Kí wọ́n má mú ìkankan kúrò níbẹ̀ o, ìyàwó àtàwọn ọmọ mi jàǹfààní rẹ̀. Àmọ́ a ò rí ti ọkùnrin. Ireland ló kọ́kọ́ ṣe ètò ìjọba fún ìlera ọkùnrin láyé, ní 2008. Brazil ṣe tiwọn ní 2009, Australia ní 2010. Ta ni kí n lọ bá nítorí tiwa? Ṣé kánsílọ̀ ni, àbí aṣòfin wa ní Ìlọrin?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà:
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ má tíì lọ sí Ìlọrin. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé. Bí owó yẹn bá dé ilé ìwòsàn, ìgbìmọ̀ náà wà lára àwọn tó ń jókòó lórí bí wọ́n ṣe máa ná an.

Ẹ̀rọ tá a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún, òun náà la máa fi wọn ti ọkùnrin. Àkókò ló ṣòro: àárọ̀ la máa ń ṣiṣẹ́ jù, àwọn ọkùnrin sì ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́.

Ti prostate, ọ̀dọ̀ dókítà ńlá la máa ń darí wọn sí fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, èròjà kan tí prostate ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí iye rẹ̀ bá ga, kì í ṣe jẹ́jẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà. Prostate máa ń wú bí ọjọ́ orí bá ń lọ. Àmọ́ jẹ́jẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í sábà dun èèyàn níbẹ̀rẹ̀, ewu rẹ̀ sì pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí bàbá tàbí arákùnrin rẹ̀ bá ti ní in, kó ti bá dókítà sọ̀rọ̀ láti ọmọ 40 ọdún.

Awakọ̀ Máràbá:
Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ àwa awakọ̀ ò ní wá. Owó ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ pé kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́ lóru, ọ̀dọ̀ alágbo ní gáréèjì ló ń lọ, torí òun ló wà níbẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì náà wá bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ọjà Ọba:
Kí wọ́n ṣe é lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pẹ̀lú. Àwa ìyàwó la máa ń fà wọ́n lọ sí ọsibítù nígbà tí àìsàn bá ti le. Ó ti sú wa.

Télọ̀ Ọ̀mù-Àrán:
Ẹ ṣé gan-an. Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n kọ lẹ́tà ni?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà:
Ẹ kọ ọ́ sà, kẹ́ ẹ fún olórí ilé ìwòsàn ní ẹ̀dà kan. Ẹ mú ọkùnrin mẹ́rin márùn-ún dání.